Àwọn Tó Wà Láàárín Ìgárá àti Ọlọ́pàá

Bí a bá ti to tábìlì eré ogun Glenrowan tán, ìlú Ọsirélíà tí ìgárá Ned Kelly ti bá ọlọ́pàá jà ní 1880, ọ̀dọ̀ ère Kelly ni ojú gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ère tó ga tó nǹkan bí íǹṣì kan péré ni, àmọ́ irin ló fi bo orí àti àyà, kóòtù gbọọrọ ló wọ̀ lé irin náà, ìbọn rẹ̀ sì nà síwájú. Ọmọdé á fẹ́ fọwọ́ kàn án, àgbàlagbà á béèrè iye tí wọ́n ń tà á. Èmi kì í fi tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí mo máa ń kọ́kọ́ gbé síbi tó yẹ ẹ́ ni tíṣà ilé ìwé kan tó ń tiro, tí kò níbọn lọ́wọ́, tó kàn mú àbẹ́là àti ìborùn pupa dání. Thomas Curnow lorúkọ rẹ̀. Òun ló da gbogbo ètò Kelly rú láì yìnbọn kan ṣoṣo.

Nínú eré ogun orí tábìlì tó dá lórí àwọn ìgárá inú igbó Ọsirélíà, ìgárá àti ọlọ́pàá ni gbogbo èèyàn ń rà, àwọn ni wọ́n ń kùn, àwọn ni wọ́n ń kọ òfin eré fún. Ará ìlú wá di ohun ọ̀ṣọ́ bí igi àti òkúta tí a tò sórí tábìlì. Ibẹ̀ gan-an ni eré náà ti ń bàjẹ́ lójú tèmi, torí pé láyé ìgbà yẹn, ará ìlú ló ń pinnu ìgárá tó máa rí ọ̀la àti èyí tí kò ní rí i.

Fún ẹni tí kò mọ eré yìí, ère kékeré tí wọ́n fi òjé dà tàbí tí wọ́n fi ike ṣe la fi ń ṣe é, ọwọ́ ara wa la sì fi ń kùn wọ́n. A ó to ilé, igi, odò àti ọ̀nà sórí tábìlì, a ó fi tépù wọn ìrìn ère kọ̀ọ̀kan, dáìsì ló sì máa sọ bóyá ìbọn bà tàbí kò bà. Eré àgbà ni. H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé òfin rẹ̀ kan jáde ní 1913 tó pè ní Little Wars. Donald Featherstone kọ War Games ní 1962, ọ̀pọ̀ èèyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì tipa ìwé náà wọ inú eré yìí. Nínú eré ogun ńlá, ère kan lè dúró fún ogún tàbí ọgbọ̀n ọmọ ogun. Àwọn ọ̀rẹ́ kan ní Bristol ló gba ọ̀nà mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n kọ òfin fún ìjà ìbọn ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà: ère kan, èèyàn kan. Ó lórúkọ, a mọ iye ọta tó kù nínú ìbọn rẹ̀, a sì mọ apá tí ìbọn ti bà. Larry Brom, ará Amẹ́ríkà, gbé The Sword and the Flame jáde ní 1979, káàdì ló sì fi ń yan ẹni tó kàn láti rìn, pupa fún ẹ̀gbẹ́ kan, dúdú fún èkejì. O lè ti gbára dì láti sáré gba ẹnu ọ̀nà, kí káàdì mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn tí kò sí tìrẹ níbẹ̀. Ìjà inú igbó kò jìnnà sí bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹlẹ́wọ̀n lọ sí Ọsirélíà ní 1788. Àwọn tó sá wọ igbó nínú wọn ni ìgárá àkọ́kọ́, adúláwọ̀ sì ni ẹni tí ìtàn kà sí aṣíwájú wọn. John Caesar lorúkọ rẹ̀. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ òkun tó kọ́kọ́ débẹ̀ ló bá lọ. Ó mọ iṣẹ́ ṣe, àmọ́ oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n fún ẹlẹ́wọ̀n kò tó ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀ bíi tirẹ̀, ebi ló sì ń lé e wọ igbó. Gálọ́ọ̀nù ọtí rọ́ọ̀mù márùn-ún ni ìjọba fi lé e lórí, torí ọtí yìí ni ẹnì kan sì ṣe yìnbọn pa á ní oṣù Èrèlé 1796. N kò rí ère rẹ̀ rà níbì kankan, ara ère atukọ̀ kan ni mo ti gbẹ́ tèmi.

Lẹ́yìn tí wọ́n rí wúrà ní 1851, ìran mìíràn gorí ẹṣin. Ọsirélíà ni wọ́n bí ọ̀pọ̀ wọn sí, wọ́n mọ igbó bí ẹni mọ ilé bàbá rẹ̀, ẹṣin wọn sì sábà máa ń yá ju ti ọlọ́pàá lọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Okúdù 1862, Frank Gardiner àti àwọn èèyàn rẹ̀, tí Ben Hall wà lára wọn, fi kẹ̀kẹ́ ẹrù tí màlúù ń fà dí ọ̀nà ní Eugowra, wọ́n kun ojú wọn dúdú, wọ́n sì yọ láti ẹ̀yìn àpáta sí ọkọ̀ tó ń kó wúrà lọ. Nǹkan bí £14,000 ni wọ́n gbé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹni tuntun ní eré yìí, Eugowra ni kó fún un: ọ̀nà kan, àpáta, kẹ̀kẹ́ méjì, ọkọ̀ kan, ó parí. Àmọ́ kì í pẹ́ sú èèyàn, torí ìbọn nìkan ló wà nínú rẹ̀.

Ohun tó mú kí ìgárá Ọsirélíà pẹ́ nínú igbó ni ẹni tó ń fún un lóúnjẹ. Àwọn àgbẹ̀ kéékèèké ni, ọmọ Ireland ló pọ̀ nínú àwọn tó yí ìdílé Kelly ká, tí wọ́n ń ro oko lórí ilẹ̀ tí kò lọ́ràá nígbà tí àwọn ọlọ́lá ti gba ilẹ̀ rẹpẹtẹ tó dára. Ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n mú bàbá Ned Kelly wá láti Tipperary, ẹlẹ́dẹ̀ méjì ni wọ́n ní ó jí. Ìyá Ned gba ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ní 1878 lẹ́yìn ìjà tó ṣẹlẹ̀ láàárín wọn àti ọlọ́pàá kan nínú ilé rẹ̀. Tòun ti ọmọ ọwọ́ ló wọ ẹ̀wọ̀n. Irú ilé bẹ́ẹ̀, bí ọlọ́pàá bá bi í pé ta ló gba ibí kọjá, kò rẹ́nì kankan. Agbódegbà pọ̀ ju ìgárá lọ, ìjọba náà sì mọ̀. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀: ohun tí òfin New South Wales ti 1865 dúró lé nìyẹn, Victoria sì ṣe irú rẹ̀ ní 1878. Ẹni tí wọ́n bá ti kéde ní arúfin, ẹnikẹ́ni lè yìnbọn pa á láì kọ́kọ́ ní kó túúbá. Ẹni tó bá sì gbà á sílé lè gba ẹ̀wọ̀n ọdún 15, kí ìjọba sì gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ àti ẹrù rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1879, ọlọ́pàá Victoria kó èèyàn tó lé ní 20 tí wọ́n fura sí pé wọ́n ń ti Kelly lẹ́yìn, wọ́n tì wọ́n mọ́lé láì rí ẹ̀rí fi kàn wọ́n, wọ́n sì tún dá wọn sílẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Àwọn tó jẹ́ pé ojú lásán ni wọ́n ń fi wòran tẹ́lẹ̀ wá bínú gbe Kelly.

Láti ilé kan náà ni ikú sì ti ń wá. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ben Hall ja ọ̀nà lólè fún ọdún mẹ́ta kí ọlọ́pàá tó rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó fọkàn tán ló tọ́ka ibùsùn rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì yìnbọn pa á nítòsí Forbes ní ọjọ́ 5 oṣù Èbìbí 1865, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Èwo ni kí a wá to irú ìtàn yìí sórí tábìlì, kí a fi ìgárá kan sí apá ọ̀tún, ọlọ́pàá mẹ́jọ sí apá òsì, kí a ní kí wọ́n máa yìnbọn fúnra wọn?

Lórí tábìlì tèmi, ará ìlú kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ sábẹ́ ère rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ la kọ síbẹ̀: agbódegbà ni, tàbí ó ń wá owó tí wọ́n fi lé ìgárá lórí, tàbí ẹ̀rù ló ń bà á, tàbí ó kàn fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ bá àwọn ọmọ rẹ̀ láyọ̀. Ẹni tó ń darí eré nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kó fi ìrìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ dípò kó fi yìnbọn. Bó bá halẹ̀ mọ́ ọn, á tètè gbọ́ nǹkan, àmọ́ bébà gbogbo ará ilé yẹn á yí lòdì sí i, kò sì ní mọ̀. Ìròyìn fúnra rẹ̀ ní àmì tirẹ̀ lórí tábìlì, ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ń ti ọwọ́ ère kan bọ́ sí òmíràn, kò sì lè yára ju ẹsẹ̀ tàbí ẹṣin ẹni tó gbé e lọ. Òfin tó ń dun àwọn èèyàn jù níbẹ̀ ni pé bí ìlẹ̀kẹ̀ kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ, ère rẹ kò gbọdọ̀ rìn lọ síbi tí ọ̀tá wà, bó ti wù kí ìwọ fúnra rẹ máa rí i kedere lórí tábìlì. Wọ́n máa ń bá mi jiyàn lórí èyí. N kì í yí i padà.

Glenrowan ló fi hàn jù lọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Lálẹ́ Sátidé, ọjọ́ 26 oṣù Okúdù 1880, Joe Byrne àti Dan Kelly, àwọn ẹlẹgbẹ́ Ned, lọ pa Aaron Sherritt, ọ̀rẹ́ Byrne láti kékeré, torí wọ́n gbà pé ó ti di amí. Ọlọ́pàá mẹ́rin wà nínú ilé Sherritt lálẹ́ yẹn. Ìṣirò Ned Kelly ni pé wọ́n á sáré lọ ké sí ọ̀gá wọn, ọkọ̀ ojú irin tó kún fún ọlọ́pàá á sì gba Glenrowan kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ti mú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ó sì ti ní kí wọ́n hú irin ojú ọ̀nà níbi tó ti yí kọ́rọ́ lórí gegele, kí ọkọ̀ náà lè já sí kòtò. Kò sóhun tó kù nínú ètò náà ju ìròyìn lọ. Àwọn ọlọ́pàá mẹ́rin yẹn kò sì yọjú síta títí ilẹ̀ fi mọ́.

Báyìí ni Kelly ṣe jókòó ti èèyàn tó tó 60 tó há mọ́ ilé ìtura Ann Jones ní gbogbo ọjọ́ Sunday, tó ń retí ọkọ̀ tí kò dé. Wọ́n jó, wọ́n mutí, wọ́n fi ìfò díje lẹ́yìnkùlé. Curnow ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀rọ̀ tó máa dùn mọ́ Kelly, ó sì ń kíyè sí gbogbo nǹkan. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kó ìdílé òun lọ sùn. Kelly gbà. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, Curnow ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, ó tan àbẹ́là sẹ́yìn ìborùn pupa, ẹ̀ńjìnnì tó ṣíwájú ọkọ̀ ọlọ́pàá sì dúró.

Ẹ wo bí èyí ṣe rí nínú eré. Ẹni tó ń ṣe Kelly kò mọ ìgbà tí káàdì ọkọ̀ ojú irin máa jáde. Oorun ń kun àwọn èèyàn rẹ̀, dáìsì wọn sì ń burú sí i bí wákàtí ṣe ń lọ. Ilé ìtura kún àkúnya. Bí kò bá dá ẹnì kankan sílẹ̀, ariwo á bẹ̀rẹ̀, ó lè di ìjà. Bó bá sì dá ẹnì kan sílẹ̀, ó lè jẹ́ ẹni yẹn ni ìlẹ̀kẹ̀ pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó gbé ọmọ dání ńkọ́? Àgbàlagbà tó ń wúkọ́ ńkọ́? Tíṣà tó ti ń pè é ní ọ̀gá láti àárọ̀ ńkọ́? Mo ti rí ẹni tó ṣe Kelly tó dìde nídìí tábìlì, tó rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, tó padà wá, tí kò tíì mọ ẹni tó máa yàn. Ìbọn kò tíì dún rárá o.

Ẹnì kejì tí mi ò jẹ́ fi ṣeré ni Hugh Bracken, ọlọ́pàá ìlú náà, tí wọ́n há mọ́lé pẹ̀lú àwọn yòókù. Ó rí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn mú, ó yọ́ jáde nígbà tí ọkọ̀ náà dé, ó sì sáré lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá ní ibùdókọ̀ pé inú ilé ìtura ni àwọn ìgárá wà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbọn tó bẹ̀rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ irin. Ohun èlò ìtúlẹ̀ ni Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi rọ ẹ̀wù irin wọn. Ti Ned wúwo tó nǹkan bíi kílò 44. Ó bo orí, àyà, ẹ̀yìn àti abẹ́ ikùn, kò bo ẹsẹ̀, kò sì jẹ́ kó rọrùn láti gbé ìbọn gígùn sí èjìká. Ojú ihò tóóró ni wọ́n ti ń wòta. Nínú eré mi, bí ìbọn bá ba ẹni tó wọ̀ ọ́, a ó ju dáìsì kan sí i: ọ̀kan sí mẹ́rin, irin dá a padà, márùn-ún, apá, mẹ́fà, ẹsẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè sáré, kò sì rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ náà nìyẹn: apá àti ẹsẹ̀ ni ìbọn ti kọ́kọ́ bà Ned, itan ló sì ti ba Byrne tó fi kú. Nígbà tí Ned padà jáde láti inú kùrukùru òwúrọ̀, tí ọta ń dún gbàngbàn lára irin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n yìn tó fi ṣubú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń kun irin yìí bíi pé ó ti dípẹtà, torí bí wọ́n ṣe ń rí i ní mùsíọ́mù nìyẹn. Ní oṣù Okúdù 1880, kò tíì pẹ́ tó ti iná arọ jáde. Dúdú ni mo fi ń tẹ́ ẹ nílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, mo máa ń ki búrọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀dà aláwọ̀ irin, n ó nù ún mọ́ aṣọ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, n ó wá rọra fi fa etí irin náà àti ojú ìdè rẹ̀. Ibi tí ọta ti bà nìkan ló máa ń dán: àmì funfun tín-ín-rín, kí a fi dúdú kàn án láàárín. Mo tún máa ń fi àwọ̀ ewé kan síbi ìbàdí, níbi tí kóòtù ti là. Ọ̀já ṣẹ́dà ni. Wọ́n fi ta Ned lọ́rẹ ní kékeré torí pé ó yọ ọmọ kan tó ń rì sínú odò ní Avenel, ó sì wé e sábẹ́ irin lọ́jọ́ Glenrowan. Ó wà ní mùsíọ́mù Benalla títí dòní, tòun ti ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó jókòó níwájú tábìlì kò ní rí ìlà ewé yẹn àfi bó bá tẹ orí ba. Mo fẹ́ kó wà níbẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá fi ọta fọ́ ilé ìtura náà, ilé pákó lásán, pẹ̀lú èèyàn nínú rẹ̀. John Jones, ọmọ ọdún 13, ọmọ Ann Jones fúnra rẹ̀, fara gba ọta tó pa á. Martin Cherry, bàbá arúgbó, kú pẹ̀lú. Nínú eré mi, ọta tó bá gba pákó kọjá gbọ́dọ̀ bọ́ sára ẹnì kan, dáìsì ló máa sọ ta ni, ẹni tó ń darí ọlọ́pàá ló sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ère náà kúrò. N kì í bá a gbé e. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní 1881 bá àwọn ọ̀gá ọlọ́pàá wí gidigidi, torí náà kò yẹ kí òfin eré wa sàn fún wọn ju ti ìgbìmọ̀ náà lọ.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni ti àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn adúláwọ̀ Queensland tí wọ́n mú wá láti máa tọpa ẹsẹ̀. Wọ́n wà ní Glenrowan, wọ́n yìnbọn níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ní 1879 ni Kelly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti sá pa mọ́, torí kò sóhun tí wọ́n bẹ̀rù tó àwọn atọpasẹ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ń pín £8,000 tó wà lórí àwọn ìgárá náà, ìgbìmọ̀ yan £50 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ní kí wọ́n má fi lé wọn lọ́wọ́, kí ìjọba máa bá wọn tọ́jú rẹ̀. £550 ni wọ́n yàn fún Curnow, £800 fún ọ̀gá ọlọ́pàá Francis Hare, tí ọta ba ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìjà tó sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá ń kun ère atọpasẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìgárá, ọlọ́pàá àti àgbẹ̀, orí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ ni gbogbo wọn ti ń bára wọn jà. Lórí tábìlì mi, atọpasẹ̀ nìkan ló lè ṣí bébà tó dojú délẹ̀ nínú igbó láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, mo sì máa ń fún un ní káàdì tirẹ̀, kí ó má jẹ́ ẹrú káàdì ọ̀gá kankan.

Àwọn kan máa ń ní kí n to Stringybark Creek, níbi tí wọ́n ti pa ọlọ́pàá mẹ́ta, Kennedy, Lonigan àti Scanlan, ní oṣù Ọ̀wàrà 1878. N kì í tò ó. Kò sí ará ìlú kankan níbẹ̀, kò sí ìròyìn tó ń rìn, kò sí yíyàn tó kù fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí ìbọn àkọ́kọ́ ti dún. Wọ́n lémìí, wọ́n ní ìdílé, wọ́n sì kú nínú igbó. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹni tó rò pé òun lè tò ó dáadáa, àmọ́ n kò rí ohun tí dáìsì máa kọ́ mi níbẹ̀. Bákan náà ni n kì í jẹ́ kí eré kankan parí sí ìdí igi tí wọ́n ti yẹgi fún Ned ní Melbourne ní ọjọ́ 11 oṣù Bélú 1880.

Fún ẹni tó bá fẹ́ to Glenrowan, iṣẹ́ tó máa gba àkókò jù ni ti ará ìlú. Ère ìgárá pọ̀ lọ́jà. Ère obìnrin tó so épírọ́ọ̀nù, ọmọdé tó dì mọ́ aṣọ ìyá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó gbé ọ̀bẹ̀lẹ̀ irin dání, àwọn yẹn ni kò wọ́pọ̀. Ẹ wá wọn láàárín àwọn ère ará abúlé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé Queen Victoria, kí ẹ yí fìlà wọn padà, kí ẹ sì kun ojú wọn pẹ̀lú sùúrù tí ẹ fi kun irin Kelly. Ẹ tún fún Ann Jones ní káàdì tirẹ̀. Ilé rẹ̀ jóná, ọmọ rẹ̀ kú, ìjọba sì tún gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé ó gba arúfin sílé, kí ilé ẹjọ́ tó dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ eré ṣe jù láàárín yín ni kí ẹ fún ní ère obìnrin yìí. Ẹni tuntun lè mú Kelly, irin á ràn án lọ́wọ́.